Ìbéèrè ìdánrawò méje lórí Íńdíà: ta ló lè bá mi tú u kó tó di ọjọ́ Ajé?

Àkànní_Delhi:
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìlànà ìṣèjọba ni mo ń kọ́ ní yunifásítì kan níbí, ọdún kejì máàsítà mi nìyí. Olùkọ́ wa kan máa ń fún wa ní ìdánwò ọ̀rọ̀ tó ń lọ ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Bí wọ́n ṣe ń gbé UPSC kalẹ̀, ìyẹn ìdánwò tí àwọn ọmọ Íńdíà fi ń wọṣẹ́ ọba, bẹ́ẹ̀ lòun náà ń gbé tirẹ̀ kalẹ̀. Àwa àjèjì ò kúkú lè gba iṣẹ́ IAS wọn, ìyẹn iṣẹ́ ọba onípò gíga, ṣùgbọ́n a ń jẹ nínú ìyà rẹ̀.

Ìbéèrè 20, máàkì méjì méjì. Èyí tó o bá ṣì, wọ́n á yọ ìdá kan nínú mẹ́ta máàkì rẹ̀ lára èyí tó o ti gbà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gba 9, mo ṣi 11. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: 10.67 nínú 40 ló kù sí mi lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ mo ń ka ìwé ìròyìn láràárọ̀ o.

Àwọn tó ń dà mí láàmú rèé:

1. Ìgbìmọ̀ MPC tó ń pinnu iye èlé ní RBI, báńkì àpapọ̀ Íńdíà: (a) èèyàn 6 ló wà níbẹ̀, (b) bí ìbò bá dọ́gba, gómìnà báńkì á dìbò lẹ́ẹ̀kejì, (d) RBI ló ń dá pinnu ibi tí ọ̀wọ́n-gógó ọjà gbọ́dọ̀ mọ. Mélòó ló tọ̀nà?

2. Ìgbìmọ̀ GST, owó-orí ọjà àti iṣẹ́: (a) ìdá kan nínú mẹ́ta ìbò jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, (b) ohun tí ìbò rẹ̀ bá ti ju ìdajì lọ ti wọlé, (d) wọ́n ń gba GST lórí pẹtiróòlù. Mélòó ló tọ̀nà?

3. Èwo ni òfin dè, tí ẹni tó ń rà á kò gbọ́dọ̀ san owó tó kéré sí iye tí ìjọba dá: ìrẹsì, àlìkámà, ìrèké?

4. Adágún àti àbàtà mẹ́ta, Chilika, Loktak, Keoladeo: àwọn wo ló wà nínú ìwé Montreux lónìí, ìwé orúkọ àwọn tó ń bàjẹ́?

5. Ní July 2023, irú ìrẹsì wo ni Íńdíà ní wọn ò gbọdọ̀ kó jáde mọ́?

6. Orílẹ̀-èdè wo ni cheetah, ẹranko tó jọ àmọ̀tẹ́kùn, tí wọ́n kọ́kọ́ kó wá sí igbó Kuno ti wá?

7. Èyí tó ní àlàyé: "Òfin tí ìpínlẹ̀ Punjab ṣe ní 2009 láti dá omi abẹ́ ilẹ̀ sí wà lára ohun tó ń fa èéfín Delhi." Ṣé lóòótọ́ ni?

Arógunmátìdí:
Ìdánwò tó ń yọ máàkì! Bó bá jẹ́ èmi ni, orúkọ mi nìkan ni mo máa kọ, màá dá pépà padà. Òdo sàn ju gbèsè lọ.

Ọ̀gá Tíṣà Ìwó:
Àkànní ọmọ mi, o ò ya ọ̀lẹ. Ìwé ìròyìn tó ò ń kà ló ń tàn ẹ́. Á kọ ọ́ gàdàgbà pé "RBI ò yí èlé padà", ìwọ náà á gbà pé RBI ló ni gbogbo ẹ̀. Ẹni tó ni àṣẹ ni kó o máa wá, àti ìwé tó fún un láṣẹ.

Nínú ìbéèrè kìíní, méjì ló tọ̀nà, (a) àti (b). Ní 2016 ni wọ́n tún òfin RBI ṣe tí wọ́n fi dá MPC sílẹ̀. Mẹ́ta nínú wọn wá láti inú RBI, ìjọba àpapọ̀ ló yan mẹ́ta yòókù. Gómìnà náà ló ń dìbò lẹ́ẹ̀kejì bó bá di ọ̀mì. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀wọ́n-gógó gbọ́dọ̀ mọ, ìjọba ló ń dá a lẹ́yìn tó bá ti bá RBI sọ̀rọ̀, ní ọdún márùn-ún márùn-ún. 4 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fi sí. Ó lè lọ sókè dé 6, ó lè wálẹ̀ dé 2. Bó bá yọ kọjá ibẹ̀ fún oṣù mẹ́sàn-án, ìyẹn ìdá-mẹ́rin ọdún lọ́nà mẹ́ta léra wọn, RBI gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí ìjọba láti sọ ohun tó fà á. Ó ṣẹlẹ̀ ní 2022. Wọ́n kọ lẹ́tà náà, wọn ò sì jẹ́ kí ará ìlú kà á.

Ìyá Ìbejì Bengaluru:
Ẹ kú iṣẹ́, sà. Àkànní, jẹ́ n bá ẹ mú ìkejì. Ọ̀kan péré ló tọ̀nà níbẹ̀, (a) ni. Ìbò gbọ́dọ̀ tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin kí ohunkóhun tó wọlé. Pẹtiróòlù ò sí nínú GST rárá, bẹ́ẹ̀ náà ni dísẹ́ẹ̀lì, epo rọ̀bì, gáàsì àdáyébá àti epo ọkọ̀ òfuurufú. Ọtí náà wà níta. Ìdí nìyẹn tí iye pẹtiróòlù fi ń yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì. Owó tí ìpínlẹ̀ ń fi gbé ara wọn ró nìyẹn, wọn ò sì ní yọ̀ǹda ẹ̀.

Kó o má sì lo ìwé àtijọ́ o. Ìwé tí ẹ̀gbọ́n ẹnì kan yá mi ṣì ń kọ ọ́ pé GST jẹ́ 5, 12, 18 tàbí 28 nínú ọgọ́rùn-ún. Láti 22 September 2025, 5 àti 18 ló kù fún ọ̀pọ̀ jù lọ ọjà, pẹ̀lú 40 fún ọjà olówó àti ohun tó ń ba ara jẹ́. Èmi tí mo ń ra wàrà oní-páálí fún ọmọ méjì mọ̀ ọ́n lára, wọ́n yọ owó-orí kúrò lórí ẹ̀ pátápátá.

Àkànní_Delhi:
Ẹ ṣé gan-an, mà. Àmọ́ bó bá jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni wọ́n ń wá, tí ìjọba àpapọ̀ sì ní ìdá kan nínú mẹ́ta, ṣé kì í ṣe pé àwọn nìkan ló ń pàṣẹ nìyẹn?

Ọ̀gá Tíṣà Ìwó:
Wọ́n lè dí ọ̀nà, wọn ò lè dá rìn ín. Gbé bírò. Pín gbogbo ìbò sí 12. Ti àpapọ̀ jẹ́ 4, ti àwọn ìpínlẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ 8. Ohun tí à ń wá ni 9. Bí gbogbo ìpínlẹ̀ bá para pọ̀ láìsí àpapọ̀, 8 ni wọ́n, kò tó. Bí àpapọ̀ bá fẹ́ nǹkan, 5 nínú 8 yẹn ló kù tó gbọ́dọ̀ wá. Àwọn tó ń jókòó níbẹ̀ láti ìpínlẹ̀ àti agbègbè tó ní ilé aṣòfin jẹ́ 31. Bí gbogbo wọn bá wá, tí wọ́n sì dìbò, 20 ni àpapọ̀ gbọ́dọ̀ rí kó mọ́ra.

Òmíràn tí wọ́n lè fi dẹ ọ́: ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Íńdíà sọ ní May 2022 pé ìmọ̀ràn ni ohun tí ìgbìmọ̀ yẹn ń sọ, kò di dandan fún ilé aṣòfin. Bí wọ́n bá kọ "ìpinnu rẹ̀ jẹ́ dandan", má fọwọ́ kàn án.

Ọmọ Àjàṣẹ́:
Ẹ kú ìjókòó o. Mi ò lọ yunifásítì Íńdíà rí, ṣùgbọ́n ìbéèrè karùn-ún yẹn, èmi gan-an ni wọ́n fi dán wò. Ìrẹsì ni mo ń tà. Kí ni ẹ̀yin fẹ́ mú níbẹ̀, Àkànní?

Àkànní_Delhi:
"Gbogbo ìrẹsì àyàfi basmati" ni mo fẹ́ mú, sà.

Ọmọ Àjàṣẹ́:
Máàkì ẹ lọ nìyẹn! Ìrẹsì funfun tí kì í ṣe basmati ni wọ́n tì ní 20 July 2023. Parboiled, èyí tí wọ́n ń bọ̀ tòun ti èèpo kí wọ́n tó bó o, wọn ò tì í. Òun sì ni àwa àti ẹ̀yin ará Nàìjíríà ń jẹ. Ohun tí wọ́n ṣe sí i ni pé ní ìparí August ọdún yẹn, wọ́n bu owó ibodè 20 nínú ọgọ́rùn-ún lé e. Ẹrù wa wà lórí omi nígbà yẹn. Mo rántí pé mi ò sùn lọ́jọ́ náà.

Èèfọ́ ìrẹsì, èyí tó ti ṣẹ́ wẹ́wẹ́, ńkọ́? Ìyẹn ni wọ́n kọ́kọ́ tì, September 2022. September 2024 ni wọ́n ṣí funfun, wọ́n gé owó parboiled sí 10, nígbà tó di October wọ́n yọ ọ́ kúrò. Èèfọ́ dúró di March 2025.

Ìrẹsì tó bá dé èbúté Kùtọnu, kì í ṣe Kùtọnu nìkan ló ń jẹ ẹ́, ẹnu mi ò gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ láti 2016 ni ìjọba yín ti ní kí ìrẹsì má gba ojú ọ̀nà ilẹ̀ wọlé mọ́.

Arógunmátìdí:
Ọ̀gá Àjàṣẹ́, aṣọ́bodè wà nínú wa níbí o. Ẹ rọra.

Ìyá Ìbejì Bengaluru:
Ìdí tí wọ́n fi ṣe é ni olùkọ́ náà á fẹ́ mọ̀. Wọ́n ní kí ìrẹsì lè pọ̀ nílé kí iye rẹ̀ sì rọlẹ̀, torí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé òjò ọdún yẹn lè má tó. Ìdìbò gbogbogbòò sì ń bọ̀ ní 2024. Èmi rò pé ìdìbò yẹn wà lọ́kàn wọn ju òjò lọ, ṣùgbọ́n má kọ ìyẹn sínú ìwé ìdánwò.

Ṣẹ̀gilọlá_Ludhiana:
Ẹ jẹ́ n kó kẹrin àti kẹfà, ìmọ̀ àyíká ni mo ń kọ́.

Kẹfà: Namibia. Mẹ́jọ ni wọ́n kó dé Kuno ní Madhya Pradesh ní 17 September 2022. Méjìlá láti South Africa dé ní February 2023, òun ló ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Láti 1952 ni wọ́n ti kéde pé cheetah ti tán ní Íńdíà.

Kẹrin: Loktak àti Keoladeo. Ìwé Montreux ni wọ́n ń kọ adágún àti àbàtà tó ti ń bàjẹ́ sí, lára èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí pé àwọn á tọ́jú lábẹ́ àdéhùn Ramsar. Chilika ní Odisha wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Iyanrìn ti dí ẹnu rẹ̀ sí òkun, omi iyọ̀ ò wọlé mọ́, ẹja ń tán. Ní September 2000 wọ́n gbẹ́ ẹnu tuntun fún un, òkun padà wọlé, wọ́n sì yọ orúkọ rẹ̀ ní 2002.

Loktak ló ń dùn mí jù. Manipur ló wà. Koríko àti gbòǹgbò tó so pọ̀ mọ́ra wọn ló ń léfòó lórí omi ibẹ̀ bí ẹní, phumdi ni wọ́n ń pè é, orí rẹ̀ ni àgbọ̀nrín sangai ń gbé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi máa ń fà, ẹní yẹn á jókòó sórí ilẹ̀, á jẹun lára ilẹ̀, á nípọn. Ní 1983 wọ́n kọ́ ìdídò Ithai fún iná mànàmáná. Láti ìgbà náà, omi ò fà mọ́. Ẹní ń fẹ́lẹ́ sí i, ẹsẹ̀ àgbọ̀nrín ń lu ú já. Iná wá, ilé ẹranko ń lọ.

Arógunmátìdí:
Ṣẹ̀gi, kí ni cheetah ń jẹ́ ní Yorùbá? Àbí àwọn Àmọ̀tẹ́kùn wa la fẹ́ kó lọ sí Íńdíà?

Ṣẹ̀gilọlá_Ludhiana:
Àmọ̀tẹ́kùn wà ní Íńdíà lọ́tọ̀, ẹ̀gbọ́n, kò sì tán. Láti inú igbó Sanjay Gandhi ló ti ń wọ àdúgbò èèyàn ní Mumbai lóru, ajá ló ń wá. Cheetah ò lórúkọ tí mo mọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Àkànní_Delhi:
Ìkẹta ńkọ́? Mo gbọ́ pé àwọn àgbẹ̀ fi odindi ọdún kan jà lórí iye tí ìjọba ń dá lé irè oko, MSP. Kí ló wá kù tí òfin ò tíì dè é?

Ọ̀gá Tíṣà Ìwó:
Ìrèké nìkan ni. Irè 22 ni ìjọba ń kéde MSP fún, ìrẹsì àti àlìkámà wà nínú wọn, ṣùgbọ́n kò sí òfin tó ní kí oníṣòwò san iye yẹn. Ìjọba fúnra rẹ̀ ló ń fi ra èyí tó bá fẹ́ rà. Ti ìrèké yàtọ̀: ilé iṣẹ́ ṣúgà kò gbọ́dọ̀ san owó tó kéré sí èyí tí ìjọba dá, àṣẹ kan láti 1966 ló dè é.

Àwọn àgbẹ̀ tó pàgọ́ sí ẹnu bodè Delhi, ní Singhu àti Tikri, òfin mẹ́ta tí wọ́n ṣe ní 2020 ni wọ́n ń bá jà, wọ́n sì fagi lé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ìparí 2021. Pé kí MSP di òfin, ìyẹn ò bọ́ sí i. Wọ́n tún gbéra ní February 2024 nítorí rẹ̀.

Ṣẹ̀gilọlá_Ludhiana:
Ẹ ṣé tẹ́ ẹ mẹ́nu ba MSP, sà, torí òun gan-an ni ìdí èéfín. Àárín oko ni mò ń gbé báyìí, ẹ jẹ́ n sọ ìkeje bí mo ṣe rí i.

Punjab kì í ṣe ilẹ̀ ìrẹsì. Òjò ibẹ̀ ò tó ìrẹsì í gbìn. Ìrẹsì gba ilẹ̀ náà nítorí pé ìjọba ń rà á ní MSP láìkùnà, bó ṣe ń ra àlìkámà. Àgbẹ̀ tó bá gbin ẹ̀wà ò mọ ẹni tó máa rà á. Ẹni tó gbin ìrẹsì ti mọ oníbàárà rẹ̀ kó tó tulẹ̀. Omi ńkọ́? Kànga ẹ̀rọ. Iná tó ń fa omi náà, ọ̀fẹ́ ni fún àgbẹ̀. Ìwọ tí wọ́n fún níná ọ̀fẹ́, ṣé o máa pa ẹ̀rọ ni? Omi abẹ́ ilẹ̀ wá ń sá lọ sísàlẹ̀ lọ́dọọdún.

Tẹ́lẹ̀, May ni wọ́n ti ń lọ́ ìrẹsì, nínú oòrùn tó ń gbẹ omi lójú ẹsẹ̀. Ni Punjab bá ṣòfin ní 2009: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ lọ́ ìrẹsì kó tó di 10 June, kó lè bá òjò pàdé. Ìpínlẹ̀ Haryana tó múlé tì í ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún kan náà. Òfin tó mọ́gbọ́n dání ni.

Ṣùgbọ́n ohun tó bá pẹ́ dóko á pẹ́ kúrò lóko. Ìkórè tó yẹ kó tètè parí wá ń wọ ìparí October. Àlìkámà sì gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ kí November tó dé àárín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ooru á bá a lójú ọ̀nà. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ló wà láàárín. Ẹ̀rọ ìkórè ti gé orí ìrẹsì lọ, ó fi pòròpórò sílẹ̀ lóòró káàkiri oko. Bàbá kan tí mo bá sọ̀rọ̀ nítòsí ibí bi mí pé, "Ọmọ mi, ìṣáná ni àbí alágbàṣe, èwo ló wọ́n jù?" Ni wọ́n bá ń dáná sun ún. Àsìkò yẹn náà ni atẹ́gùn ń rọlẹ̀ tí òtútù sì ń tẹ èéfín mọ́lẹ̀ sórí Delhi.

Nítorí náà, "lóòótọ́ ni" ni ìdáhùn, ṣùgbọ́n má dúró síbẹ̀. Òfin 2009 yí ọjọ́ padà ni. MSP àti iná ọ̀fẹ́ ti wà nílẹ̀ kó tó dé.

Ìyá Ìbejì Bengaluru:
Ṣẹ̀gilọlá, o sọ ọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ gbogbo ẹ̀. Mo gbé Delhi fún ọdún mẹ́rin kí n tó kó kúrò, torí àyà Kẹ́hìndé ni mo ṣe kó. Nínú January, nígbà tí kò sẹ́ni tó ń dáná sun oko mọ́, ọmọ yẹn ṣì ń mí bíi pé ó sáré. Ọkọ̀, eruku ilé kíkọ́, ìdáná, ilé iṣẹ́: gbogbo wọn wà níbẹ̀ lọ́dún yípo. Tí November bá dé, àwọn ọlọ́kọ̀ mẹ́ta mẹ́ta nínú ilé kan á máa na ìka sí àgbẹ̀ Punjab.

Ṣẹ̀gilọlá_Ludhiana:
Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ọlọ́run á wo Kẹ́hìndé sàn. Òótọ́ lẹ sọ, mo fi ìyẹn sílẹ̀ láìsọ. Iná oko jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, láwọn ọjọ́ kan á bo gbogbo èyí tó kù mọ́lẹ̀, láwọn ọjọ́ mìíràn kò tó nǹkan. Àkànní, fi ọ̀rọ̀ Màámi sínú ìdáhùn rẹ, ìbéèrè náà ní "wà lára", kò ní "òun nìkan".

Kó o sì fi ọ̀nà àbáyọ díẹ̀ kún un. Ẹ̀rọ kan wà, Happy Seeder, tó ń gbin àlìkámà láàárín pòròpórò láìsun ún. Irúgbìn ìrẹsì náà ṣe pàtàkì: Pusa-44 ń pẹ́ lóko, PR-126 ń tètè gbó, ó ń dá ọjọ́ padà fún àgbẹ̀.

Ọ̀gá Tíṣà Ìwó:
Ọmọ yìí, bó o bá ń wá iṣẹ́ olùkọ́, Ìwó ò jìnnà o.

Àkànní_Delhi:
Ẹ ṣé, gbogbo yín. Ọ̀kan ló kù, ẹ má rẹ́rìn-ín. "Lakh crore" tí wọ́n ń kọ nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, orí mi ń dà rú síbẹ̀.

Ọ̀gá Tíṣà Ìwó:
Ìwọ ọmọ Yorùbá! Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000, àbí? Lakh kan jẹ́ ọ̀kẹ́ márùn-ún, 100,000. Crore kan jẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọ̀kẹ́, mílíọ̀nù mẹ́wàá. Lakh crore kan jẹ́ tírílíọ̀nù kan. Máa wo àmì ìdánudúró wọn: 1,00,000 ni wọ́n ń kọ. Owó ẹyọ tí àwọn baba wa ń kà sínú ọ̀kẹ́ yẹn gan-an, púpọ̀ nínú rẹ̀ wá láti erékùṣù Maldives, létí Íńdíà níbẹ̀. Kò yẹ kó ṣàjèjì sí ẹ.

Àkànní_Delhi (ọjọ́ Ìṣẹ́gun):
Èsì dé! Mo gba 13, mo ṣi 2, mo fi 5 sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn. 24.67. GST jáde, MPC jáde. Ti ìrẹsì náà jáde, mo sì rántí ọ̀gá Àjàṣẹ́ tí kò sùn. Ìkeje ò jáde o, lẹ́yìn gbogbo àlàyé yẹn.

Arógunmátìdí:
Méjì wo lo ṣì?

Àkànní_Delhi:
Ọ̀kan lórí ìgbìmọ̀ owó ìpínlẹ̀. Èkejì... cheetah. Mo kọ South Africa.

Ṣẹ̀gilọlá_Ludhiana:
Àkànní!!!

Àkànní_Delhi:
Ọwọ́ mi ló yára ju ọpọlọ mi lọ. Ẹ̀gbọ́n Ṣẹ̀gi, ẹ má bínú. Ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ rèé: wọ́n ní ká wá sọ ìdí tí pípo ethanol, ọtí tí wọ́n ń fi ìrèké ṣe, mọ́ pẹtiróòlù dé ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún fi lè dín owó tí Íńdíà ń ná lórí epo rọ̀bì kù, kó sì tún dá kún wàhálà omi.

Ọ̀gá Tíṣà Ìwó:
Padà sí ìrèké tá a sọ lẹ́ẹ̀kan. Bèèrè iye omi tó ń mu.